Bọ́ọ̀lù Jẹ́jẹ́ àti Àwọn Ará Ìyá Mi

Ìró kan wà tí mo ṣì máa ń gbọ́ títí dòní bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́: ìró bọ́ọ̀lù líle tó ń wọnú ìbọ̀wọ́ aláwọ, pàà, tí eruku díẹ̀ á sì ta. Ìkirè ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní pápá ilé ẹ̀kọ́ wa tó fẹ̀yìn ti oko ẹ̀gẹ́, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kẹrin ní sẹ́kọ́ńdírì. Àwọn ọmọkùnrin ló ni bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bá wọn dù ú. Ṣùgbọ́n tíṣà eré ìdárayá wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kó àwa ọmọbìnrin jọ lọ́jọ́ kan, ó fi igi gbọọrọ kan hàn wá, ó ní sọ́fítíbọ́ọ̀lù la fẹ́ kọ́. Ó ní ẹnì kan á fi apá sọ bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí béèsì mẹ́ta ká kó tó padà síbi tó ti gbéra, tí à ń pè ní ilé. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. A rò pé ó fẹ́ fi wá ṣe ẹlẹ́yà ni.

Ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù là ń pè ní píṣà. Ẹni tó lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ gbá a, tó ń mú èyí tí igi bá tàsé, òun ni káṣà. Wọ́n fi mí ṣe káṣà nítorí pé mo kúrú, tíṣà sì ní èmi kò ní í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sílẹ̀ kí n tó lóṣòó. Kí n má parọ́, mi ò mọ̀ ọ́n mú rárá. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, ojú mi á pa dé, ọwọ́ mi á sì já lọ pàdé rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ olè. Ìka mi wú débi pé mi ò lè di kálámù mú. Tíṣà á pariwo pé, "Má lọ pàdé ẹ. Jẹ́ kó wá bá ẹ, tó bá wá dé, kí ọwọ́ ẹ bá a fà sẹ́yìn díẹ̀." Kò yé mi. Ìdí ààrò ìyá mi ló ti yé mi. Dòdò ni ìyá mi ń dín tà, dòdò Ìkirè wa tó dúdú, tó láta. Bó bá ti ṣù ú tán, á jù ú sí mi kí n fi ewé wé e, gbígbóná bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá há a mọ́ ọwọ́, ọwọ́ á bó. Ẹni tó bá sì sá fún un, dòdò á balẹ̀, ìgbájú á tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wo ọwọ́ ara mi bó ṣe ń gbà á, ẹnu yà mí. Ohun tí tíṣà ti ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ pariwo lé mi lórí, mo ti ń ṣe é láti kékeré láìmọ̀. Láti ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀lù kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ jábọ́ lọ́wọ́ mi mọ́.

Ìyá mi yìí, ọmọ Àpòmù ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé Àpòmù kò jìnnà sí Ìkirè rárá. A jọ ń fẹ́ra wa, a jọ ń nájà, bí Iléyá bá dé, ẹran ti ibí á dé ọ̀hún, ti ọ̀hún á dé ibí. Ṣùgbọ́n bó bá di ti eré ìdárayá, a kì í mọra wa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan ní kíláàsì àṣekágbá ni píṣà wa. Sístà ni mo ń pè é nígbà náà, Sístà náà ni mo ń pè é dòní. Ó ga, apá rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ sì mú ju apá rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ti fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀, ó ti dàgbà, ó sì ti sọ fún un láìfi bò pé lẹ́yìn ìdánwò, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Wásinmi, torí kò sí agbára fún ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Bí àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ bá mú un, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ tíṣà eré ìdárayá á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n sì ní obìnrin kan ń bọ̀ láti Òṣogbo wá wo àwa àti Àpòmù, lẹ́ẹ̀kan nílé wa, lẹ́ẹ̀kan nílé wọn. Sístà kì í sọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe eré ló fẹ́ ṣe.

Káṣà ló ń sọ fún píṣà irú bọ́ọ̀lù tó kàn. Òun ló súnmọ́ ẹni tó di igi mú. Òun ló ń rí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe dúró, bóyá ó ń kánjú tàbí ẹ̀rù ń bà á. Kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu sọ ọ́. Ìka ló máa fi sọ ọ́, láàárín itan, kí àwọn ọ̀tá má rí i. Ìka kan, iná: kí bọ́ọ̀lù wá tagbáratagbára. Ìka méjì, ẹ̀gbẹ́: kó gba etí kọjá. Ìka mẹ́ta, jẹ́jẹ́: kí Sístà ju apá bí ẹni fẹ́ sọ iná, kí bọ́ọ̀lù sì yọ́ jáde pẹ̀lẹ́, kí ẹni tó fẹ́ gbá a ti gbá afẹ́fẹ́ tán kó tó dé.

Wàhálà mi wá nìyí. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ kì í na ìka sí àgbà, ká má tíì sọ pé kó fi ìka náà pàṣẹ fún un. Tíṣà ní lórí pápá, kò sẹ́gbọ̀n-ọ́n, kò sábúrò. Ó rọrùn fún un láti sọ bẹ́ẹ̀, òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Iná kò nira, torí Sístà fẹ́ràn iná. Jẹ́jẹ́ ló kórìíra. Ó ní bọ́ọ̀lù ọ̀lẹ ni. Bí mo bá na ìka mẹ́ta, á mi orí. Màá tún na mẹ́ta. Á wá wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó tún ń tọrọ ẹran kejì. Lẹ́yìn náà ló máa gbà, á sì sọ ọ́, bọ́ọ̀lù náà á sì dára bí idán. Tíṣà máa ń sọ fún wa pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ tọrọ jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yẹn, ara mi á máa rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ tí Àpòmù wá bá wa, èrò pọ̀ ní pápá ju ti ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwọn ọmọkùnrin lọ. Obìnrin Òṣogbo náà jókòó sábẹ́ igi, ó fi awò dúdú bojú, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ìyá mi wá, ó sì lọ jókòó sáàárín àwọn ará ilé rẹ̀ tó tẹ̀ lé àwọn ọmọ Àpòmù wá, ó ń pín dòdò fún wọn. A bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Iná Sístà ń jó wọn. Àfi ìgbà tó di ìdajì eré, tí a sinmi díẹ̀, tí mo sì tún tọrọ jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ Àpòmù tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ọmọlúàbí!" Èmi ni wọ́n ń wò. Ọmọ ọmọ wọn ṣá ni mí, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni, kí n sì sòótọ́, inú mi dùn sí i. Sístà ju apá, bọ́ọ̀lù yọ́ jáde. Ọmọbìnrin tó di igi mú dúró dè é wọ̀ọ̀, ó ní sùúrù bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ Ìbàdàn, ó wá gbá a lọ sí òdì kejì.

Mo ní ó ṣèèṣì ni. Mo tún tọrọ jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ Sístà fún ẹni tó tẹ̀ lé e. "Ọmọlúàbí!" Wọ́n tún gbá a. Nígbà tó kan ọmọbìnrin kan báyìí, ọlọ́wọ́ òsì, abara líle, tó jẹ́ olórí wọn, jẹ́jẹ́ tí mo tọrọ fún un kò balẹ̀ títí ó fi dé inú oko ẹ̀gẹ́. Iná, wọn ò lè gbá a. Ẹ̀gbẹ́, wọn ò lè gbá a. Jẹ́jẹ́ nìkan, tó yẹ kó ya wọ́n lẹ́nu, ni wọ́n ń dúró dè bí ẹni pé mo ti ránṣẹ́ sí wọn lálẹ́ àná. Wọ́n lù wá nílé wa. Obìnrin Òṣogbo náà dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Sístà ò bínú sókè. Ìbá sàn bó bá bínú sókè. Ó rìn wá bá mi, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kúrò lọ́wọ́ mi fúnra rẹ̀, ó ní, "Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani." Mo bi í pé kí ni mo ṣe. Ó ní, "Máa lọ bá àwọn ará ìyá ẹ, ọmọ Àpòmù." Mo wo tíṣà, tíṣà gbójú sílẹ̀. Mo wo àwọn tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n pè mí láìdárúkọ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè dúró láàárín ọ̀pọ̀ èrò lọ́sàn-án gangan, kí etí rẹ̀ di, kó má gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Ìyá mi ń dín dòdò, inú rẹ̀ dùn, ó ń kọrin sábẹ́ ẹnu. Mo jókòó tì í, ojú mi wú. Ó ní kí n má jẹ́ kí eré dùn mí jù, ó ní òun tiẹ̀ gba ìyìn lọ́dọ̀ àwọn ará ilé òun nítorí mi.

Mo ní, "Ìyìn kí ni, ìyá mi? Ṣé ẹ ò rí bí wọ́n ṣe lù wá ni?"

Ó ní, "Ta ló ń sọ ìyẹn? Ìwà ni mò ń sọ. Ṣé o rí gbogbo ìgbà tó o bá ń bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ yẹn, tó o kúnlẹ̀ fún un? Gbogbo wọn ló rí i. Àlùhámúdùlíláì. Àwọn ọmọ yẹn á ní, 'Ọmọlúàbí!' Èmi gan-an bá wọn pariwo ẹ. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde."

Dòdò gbígbóná tó jù sí mi já bọ́ sínú eérú. Mi ò gbá a mú. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó rò pé ìyìn náà ló dùn mọ́ mi. Ó ní bí mo bá na ìka lásán, mo máa ń lóṣòó bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí orúnkún mi méjèèjì á kanlẹ̀, tí orí mi á tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, mà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi á rọ̀, á wá sọ bọ́ọ̀lù náà pẹ̀lẹ́. Ó ní ó wú òun lórí bí ẹ̀bẹ̀ mi ṣe máa ń rọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Èmi ni mo sọ fún wọn, lóòótọ́. Orúnkún mi ló sọ ọ́, níṣojú gbogbo ìlú, ìyá tó bí mi sì ń bá wọn kéde rẹ̀. Bí mo ṣe sáré jáde, ó ń pè mí pé ta ni yóò wé dòdò.

Nígbà tí mo délé Sístà, ó ń fọ aṣọ. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Orúnkún ẹ ló wá ń sọ̀rọ̀ báyìí?" Ó tún kọjú sí aṣọ rẹ̀. Mo ní kó dákun, kó bá mi lọ sọ́dọ̀ tíṣà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ti kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Ó wo orúnkún mi. Ó wò ó pẹ́. Ó nu ọwọ́, ó mú ṣálúbàtà rẹ̀.

Tíṣà lọ dúró síbi tí àwọn ọmọ Àpòmù jókòó sí, ó ní kí n máa tọrọ bọ́ọ̀lù bó ṣe wù mí. Mo lóṣòó, mo búra nínú mi pé mi ò ní kúnlẹ̀. Mo na ìka kan, Sístà sọ iná. Mo na méjì, ó sọ ẹ̀gbẹ́. Mo na mẹ́ta, tíṣà ní, "Jẹ́jẹ́," kí Sístà tó gbé apá rárá. A tún un ṣe títí, kò ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan. Sístà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín pápá. Ó ní gbogbo ìgbà lòun ń rí mi tí mò ń kúnlẹ̀, kò sì jọ òun lójú. Báwo ni yóò ṣe jọ ọ́ lójú? Nílẹ̀ wa, ta ló ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì bí ọmọdé bá kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ohun tí ojú bá ti mọ̀ jù, ojú kì í rí i mọ́. Ó dá ìbọ̀wọ́ náà padà fún mi. Kò bẹ̀ mí. Mi ò sì retí pé kó bẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n ni.

Tíṣà gbìyànjú láti gba ìkúnlẹ̀ náà lára mi, kò rí i gbà. Ó wá ní bí orúnkún mi bá máa sọ̀rọ̀ dandan, ká kúkú kọ́ ọ ní irọ́. Ó ní kí n máa kúnlẹ̀ fún iná. Ẹ ò lè mọ bó ṣe nira tó. Láti ọmọdé ni wọ́n ti kọ́ mi pé ẹni tó bá kúnlẹ̀, kó kúnlẹ̀ tọkàntọkàn. Kíkúnlẹ̀ láìtọrọ nǹkan kan jọ pé mò ń búra èké. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ.

Ní pápá Àpòmù, obìnrin Òṣogbo náà tún dé pẹ̀lú awò dúdú rẹ̀. Ìyá mi wà láàárín àwọn ará ilé rẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má pariwo nǹkan kan, ó sì bínú díẹ̀, ó ní òun ò mọ ìgbà tí yíyin ọmọ ẹni di ẹ̀ṣẹ̀. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ní "Ọmọlúàbí!", ẹni tó di igi mú dúró de jẹ́jẹ́, iná kọjá níwájú rẹ̀. Mo lóṣòó, jẹ́jẹ́ dé, ó ti gbá afẹ́fẹ́ tán. Ìdààmú bá wọn. Ariwo náà rọ̀, ó di ìkùnsínú, ó dákẹ́. A fi ẹyọ kan ṣíwájú títí ó fi ku ẹnì kan ṣoṣo tí a máa yọ, ọlọ́wọ́ òsì yẹn ló sì kàn. Ẹnì kan nínú wọn ti dúró ní béèsì kẹta, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ilé. Ọlọ́wọ́ òsì náà tàsé lẹ́ẹ̀kan, ó tàsé lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá tàsé lẹ́ẹ̀mẹ́ta la máa ń yọ, ó ku ẹyọ kan. Mo kúnlẹ̀, mo na ìka kan. Iná wá, ó sì fi igi kàn án, ó ta sí ẹ̀yìn ìlà, kò kà. Ó wẹ̀yìn wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti mọ irọ́ orúnkún mi.

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti sún un sílẹ̀ de iná. Jẹ́jẹ́ ló kù. Mo na ìka mẹ́ta, Sístà mi orí. Bí jẹ́jẹ́ yẹn bá di gbígbá, Wásinmi ló ń lọ, a jọ mọ̀ ọ́n. Mo tún na mẹ́ta. Orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀ fúnra wọn, orí mi tẹ̀, mo sì ń tọrọ lóòótọ́, tọkàntọkàn. Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni ohùn ẹnì kan ṣoṣo ta jáde láàárín àwọn ará Àpòmù, ohùn ìyá mi: "Ọmọlúàbí!"

Mo ní ìyá mi ti tú àṣírí wa. Ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ òsì náà tún rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, bí ìyá káṣà fúnra rẹ̀ bá ń pariwo jẹ́jẹ́, iná ni. Sístà ju apá. Ọmọ náà fi gbogbo agbára gbá afẹ́fẹ́, ó yí po, orúnkún tirẹ̀ náà kanlẹ̀. Bọ́ọ̀lù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Bó bá jábọ́ lọ́wọ́ mi, èyí tó wà ní béèsì kẹta á sáré wọlé. Mo jẹ́ kó wá bá mi, ọwọ́ mi bá a fà sẹ́yìn díẹ̀, mo gbà á bí dòdò gbígbóná.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mi ò retí láyé mi. Mo rò pé Sístà ń sáré bọ̀ wá dì mọ́ mi ni. Ó dé iwájú mi, ó dúró, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì nínú eruku Àpòmù, níṣojú obìnrin Òṣogbo, níṣojú bàbá rẹ̀ tó wá wò ó. Ó ní, "Má bínú. Mo pè ọ́ lóhun tó ò jẹ́." Ẹ̀rù bà mí ju ìgbà tí wọ́n pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo bá dojú bolẹ̀ pẹ̀lú ìbòjú irin káṣà lójú, kí n ṣá ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ìyá mi ṣe bá wa nílẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló kú?" Ó fa Sístà dìde, ó sì bá a wí gan-an pé kó má ṣe irú ẹ̀ mọ́ fún ọmọ òun, kó má fi èpè lé e lórí.

Wọ́n mú Sístà sínú ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀. Tíṣà eré ìdárayá lòun náà báyìí, ó ti ní àwọn ọmọ tirẹ̀. Títí dòní, ìyá mi ò gbà pé òun mọ ohun tí òun ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ọmọ òun lòun ń yìn. Mo ti kúnlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé mi, fún ìyá ọkọ, fún ọ̀gá níbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mi ò sì mọ̀ pé mo ti wà nílẹ̀. Àgbà kan ṣoṣo ló ti kúnlẹ̀ fún mi rí, bí mo bá rántí rẹ̀, àyà mi ṣì máa ń já. Bí Sístà bá wá sí Ìkirè lọ́dún, tí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni di igi mú, á tẹjú mọ́ orúnkún mi, á ní, "Èwo ló ń bọ̀?"